Fáìlì wà nínú kọ̀ǹpútà, Search ní òun ò rí i

Onítẹ̀wé Ìkòròdú:
Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì ni, Windows 10, a pín háàdì dísìkì rẹ̀ sí C àti D. D ni gbogbo iṣẹ́ oníbàárà wà. Láti ìjẹta, ohunkóhun tí a bá tẹ̀ sínú àpótí Search lókè fèrèsé fódà lápá ọ̀tún, "No items match your search" ló ń fọ̀. Bẹ́ẹ̀ tí a bá ṣí fódà fúnra wa, fáìlì náà rèé, ó jókòó síbẹ̀. Kò sí UPS, bátìrì tó ń gbé kọ̀ǹpútà dúró tí iná bá lọ, iná Ìkòròdú ẹ sì mọ̀ ọ́n. Àwọn kan ní ká fọ́máàtì ẹ̀, ìyẹn ká nu gbogbo inú ẹ̀ kúrò. Ṣé kò sí ọ̀nà míì?

Àtúnṣe Ẹ̀pẹ́:
Ẹ má fọ́máàtì nǹkan kan. Ẹni tó bá ní kí ẹ fọ́máàtì nítorí Search, owó iṣẹ́ ló ń wá.

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá fáìlì ló sọnù tàbí Search ló ṣìnà. Ẹ tẹ bọ́tìnì Windows àti R pa pọ̀, ẹ kọ cmd, ẹ tẹ Enter. Nínú fèrèsé dúdú tó bá yọ, ẹ kọ èyí, kí ẹ fi ọ̀rọ̀ tó wà nínú orúkọ fáìlì tiyín rọ́pò invoice:

dir D:\*invoice* /s /b

Àṣẹ yìí ò bá índẹ́ẹ̀sì da nǹkan pọ̀. Inú dísìkì gan-an ló ń wọ̀, fódà kan tẹ̀ lé òmíràn. Tó bá to fáìlì yín jáde, a jẹ́ pé índẹ́ẹ̀sì ló bàjẹ́. Índẹ́ẹ̀sì dà bí ìwé orúkọ tí Windows kọ pa mọ́: ìwé yẹn ló ń yẹ̀ wò tí ẹ bá ní kó wá nǹkan, kì í dé ojúlé. Tí iná bá lọ nígbà tó ń kọ ìwé náà lọ́wọ́, ó lè dàrú.

Lẹ́yìn ìyẹn, Windows àti R lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ kọ services.msc. Ẹ wá Windows Search lọ sí ìsàlẹ̀. Running ló yẹ kó wà níwájú rẹ̀. Tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ tẹ orúkọ náà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ yan Automatic tó ní Delayed Start lára níbi Startup type, ẹ tẹ Apply, lẹ́yìn náà Start.

Onítẹ̀wé Ìkòròdú:
Ẹ ṣeun. dir to fáìlì mọ́kànlá jáde. Running sì ni Windows Search. Síbẹ̀, òfo.

Ará Àgbádárìgì:
Rebuild ló kù, ìyẹn kí Windows tún índẹ́ẹ̀sì kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àmọ́ níwọ̀n ìgbà tí iná ti ń já mọ́ ọn lórí, ẹ yẹ dísìkì wò ná. Ẹ pa gbogbo fáìlì tó ṣí, ẹ kọ cmd níbi Start, ẹ yan Run as administrator, ẹ kọ chkdsk D: /f. Ẹ tún wo àyè tó ṣẹ́ kù lórí C. Lóòótọ́ D ni iṣẹ́ yín wà, àmọ́ orí C ni índẹ́ẹ̀sì ń gbé. Tí C bá kún, Rebuild ò ní débì kan.

Ó yá, Control Panel, Indexing Options. Ẹ tẹ Modify, kí ẹ rí i pé ẹ ti máàkì D. Ẹ padà sí Advanced, ẹ tẹ Rebuild. Ó lè gba wákàtí mélòó kan, ó sì máa ń rọra lọ tí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà náà, nítorí náà ìgbà tí ẹ bá tan jẹnẹrétọ̀ tí epo sì pọ̀ nínú rẹ̀ ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀. Títí tí "Indexing complete" á fi yọ lókè, ẹ má gbára lé èsì Search.

Tí òǹkà fáìlì tó wà lókè Indexing Options ò bá kúrò lójú kan: ẹ padà sí services.msc, ẹ tẹ Stop fún Windows Search, ẹ lọ sí C:\ProgramData\Microsoft\Search\Data\Applications, ẹ yí orúkọ fódà Windows tó wà níbẹ̀ sí Windows.old, kí ẹ tó tẹ Start. Á kọ òmíràn láti ìbẹ̀rẹ̀. ProgramData máa ń fara pamọ́, ẹ máàkì Hidden items níbi View. Ẹ jọ̀ọ́, fódà Windows tó wà ní gbangba lórí C kọ́ ni mò ń wí o!

Onítẹ̀wé Ìkòròdú:
Ó ti parí, fáìlì ń yọ. Nǹkan méjì ló kù: tí a bá tẹ wale, kì í mú Adewale wá. Rìsíìtì tí a skáàn sí PDF náà, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ò ṣeé wá.

Àtúnṣe Ẹ̀pẹ́:
Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ni índẹ́ẹ̀sì ń wò. Ade á mú Adewale wá, wale ò ní mú un. Ẹ fi ìràwọ̀ síwájú: *wale. Ẹ tún wo inú Advanced, "Treat similar words with diacritics as different words". Tí ẹ bá máàkì ẹ̀, oko ò ní mú ọkọ̀ wá. Tí àwọn tó ń tẹ̀wé fún yín kì í bá fi àmì sí orúkọ fáìlì bákan náà, ẹ má máàkì ẹ̀.

Ti rìsíìtì, àwòrán ni ohun tí ẹ skáàn. Kò sí lẹ́tà kankan nínú rẹ̀ tí Windows lè kà, àfi tí sọ́fítíwíà skánà yín bá ní OCR, ohun tó ń sọ àwòrán ọ̀rọ̀ di lẹ́tà, tí ẹ sì tàn án kí ẹ tó skáàn. Tí kò bá ní, ẹ kọ orúkọ oníbàárà àti ọjọ́ sí orúkọ fáìlì nígbà tí ẹ bá ń fi í pamọ́.