Gbogbo ẹbí ti múra tán, ìrìn-àjò wá dojú rú: ẹ wá sọ tiyín

Ìyá Ìbejì, Apákè
Ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ kú ilé o. Ìgbéyàwó àbúrò ọkọ mi ní Èkó là ń lọ lópin ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Aṣọ ẹbí wà nínú búùtù, orin la sì ń kọ láti ilé. A ò tíì dé Odò Ọbà tí ọkọ̀ fi gbóná, ló bá dákẹ́ pátápátá. Kí mẹkáníìkì tó rí ohun tó máa fi tún un ṣe, ilẹ̀ ti ṣú, a bá padà sílé. Àwọn ọmọ sunkún títí oorun fi gbé wọn lọ. Ọkọ mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí di ọjọ́ Àìkú. Ẹ̀yin tí irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí, kí lẹ ṣe tí ara fi tu gbogbo ilé? Ìrírí ni mo fẹ́ gbọ́ o, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wàásù fún mi.

Awakọ̀ Owódé
Ẹ kú ewu, ìyá wa. Ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti ń jẹun. Kí ọkọ̀ kú síbẹ̀ kì í ṣe eré, torí àwọn tírélà tó ń lọ sí òkè Ọya kì í rọra sáré. Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ ṣe ni kí n kó àwọn ọmọdé jìnnà sí títì, kí n gbé àmì onígun mẹ́ta sẹ́yìn ọkọ̀. Bó bá le ju agbára mi lọ, 122 ni nọ́ńbà àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó. Lẹ́yìn ìyẹn, oúnjẹ ló kàn. Mo ti gbé tọkọtaya lóríṣiríṣi, "ṣebí mo sọ fún ọ" yẹn, ebi ló máa ń tì í jáde lẹ́nu wọn.

Ọmọ Akẹ̀sán
Ọkọ̀ ló kú, ènìyàn ò kú. Ẹ ṣọpẹ́.

Ìyá Ìbejì, Apákè
Mo ti ṣọpẹ́, ẹ̀gbọ́n. Àwọn ọmọ ni ò tíì gbà.

Ìyàwó Ìsokùn
Tèmi ju ìgbéyàwó lọ. Sáúdí ni bàbá àwọn ọmọ mi ti ń ṣiṣẹ́, fìsà sì ti jáde fún wa láti lọ bá a. A ti ta bẹ́ẹ̀dì, a ti ta fíríìjì, a ti ṣe sàráà ìdágbére, àdúgbò jẹ, àdúgbò mu. A dé pápákọ̀ òfurufú ní Èkó, wọ́n wo ìwé ìrìnnà àbíkẹ́yìn mi, wọ́n ní ohun tó kù lórí ẹ̀ kò tó oṣù mẹ́fà, kò lè wọ Sáúdí. Ìwé tèmi, ọlọ́dún mẹ́wàá ni, ṣùgbọ́n ti ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kì í ju ọdún márùn-ún lọ. Bá a ṣe kó ẹrù wa padà sí Ọ̀yọ́ lóru nìyẹn.

Ohun tí ìyá ọkọ mi ṣe lóru ọjọ́ náà ni mo fẹ́ sọ. Mo ti pè wọ́n láti Ìbàdàn. Nígbà tá a wọlé, wọn ò bi mí pé ta ló jẹ̀bi, wọn ò ní kí n ṣàlàyé. Wọ́n ní, "Ẹ káàbọ̀, omi gbígbóná wà nílẹ̀." Wọ́n ti lọ yá ẹní lọ́dọ̀ àwọn ará ilé, wọ́n tẹ́ ẹ kún pálọ̀, gbogbo wa sì sùn síbẹ̀. Àwọn náà dùbúlẹ̀ sáàárín àwọn ọmọ, wọ́n ń pàlọ́ ìjàpá. Àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín! Èmi ń sunkún sínú ìrọ̀rí, ẹ̀rín wọn ló sì mú mi sùn. Nílẹ̀ àárọ̀, ìyá yìí ló lọ sọ fún àdúgbò kí n tó jí, kí ojú má bàa tì mí. Títí dòní tá a wà ní Jẹ́ddà, bí nǹkan bá dojú rú, àwọn ọmọ á ní ká tẹ́ ẹní.

Ọmọ Ajílété
Irú ìyá ọkọ wo rèé! Ẹ bá mi kúnlẹ̀ kí wọn. Omi bọ́ lójú mi.

Bọ̀dá Sábó
Ẹ má bínú sí mi o, ìyàwó wa. Ẹ ta bẹ́ẹ̀dì, ẹ tún pe àdúgbò wá jẹun? Ayé ò ṣeé finú hàn. Nílé tiwa, ó dìgbà tí bàálù bá gbéra ká tó sọ ọ́ síta.

Tísà Ìsàlẹ̀ Àfọ́n
Bọ̀dá, oṣù tó kù lórí ìwé ló dá wọn dúró. Ayé kọ́ ló tẹ déètì sínú ẹ̀.

Bọ̀dá Sábó
Kí ló dé tí gbogbo ojú tó wo ìwé ọ̀hún ò fi rí i? Ẹ dá mi lóhùn.

Ìyàwó Ìsokùn
Mo gbọ́ yín, bọ̀dá. Ṣùgbọ́n àwọn tó jẹ sàráà yẹn náà ló gbé oúnjẹ wá fún wa lọ́sẹ̀ ọ̀hún. Ẹni tó ra fíríìjì gbé e padà wá, ó ní ká máa lò ó títí a ó fi lọ. Bí mo bá fi ọ̀rọ̀ pamọ́, ta ni ì bá mọ̀ pé ilé wa ṣófo?

Ọmọ Akẹ̀sán
Ó gbé fíríìjì padà wá! Háà, Ọ̀yọ́ mi.

Bọ̀dá Sábó
Mo gbà fún ẹni tó ra fíríìjì. Ní ti bàálù, mo ṣì wà lórí ọ̀rọ̀ mi.

Bàbá Arówómọlé
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ọdún Àjíǹde 2020 bọ́ sí 12 oṣù Kẹrin. Àwọn ọmọ mi tó wà ní Èkó ń bọ̀ wálé, a ti ra ewúrẹ́, iṣu ti dé láti oko. Ni ìjọba bá ti Èkó pa láti 30 oṣù Kẹta nítorí Kòrónà. Ìyá wọn ò jẹun. Mo ní ká sè é bí ẹni pé wọ́n wà ńlé. A sè é, a pín in ká gbogbo ilé tó yí wa ká, a wá pè wọ́n lórí fóònù, àwọn ń dá orin Àjíǹde, àwa ń gbè é. Ohùn ò bára mu rárá, fóònù ń já. Ìyá wọn rẹ́rìn-ín, ó sì bu oúnjẹ. Ọjọ́ kìíní oṣù Keje ni wọ́n tó ṣí ọ̀nà ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀, ìgbà tí wọ́n sì dé, a pa ewúrẹ́ mìíràn.

Ohun tó máa ń dùn mí ni pé rélùwéè ò gba ọ̀dọ̀ wa. Ó dé Ìbàdàn ní 1901, ó yà sí Òṣogbo ní 1907, ó gba Ọ̀fà lọ Ìlọrin, ó fi Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ sílẹ̀.

Tísà Ìsàlẹ̀ Àfọ́n
Bàbá, tuntun tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní 2021 ń dúró ní Mọ́níyà. Ìyẹn ò jìnnà sí Ọ̀yọ́.

Awakọ̀ Owódé
Láti Mọ́níyà, ọkọ̀ tèmi náà lẹ máa wọ̀ dé ilé. Ẹ jẹ́ kí n rí ti ìdílé mi gbọ́.

Ọmọ Ajílété
Ìyá Ìbejì, ṣé ẹ máa ń sọ fún àwọn ọmọ ṣáájú? Àwa kì í sọ ọ́ àfi láàárọ̀ ọjọ́ náà, bó bá yẹ̀, kò sẹ́kún.

Ìyá Ìbejì, Apákè
Mo máa ń sọ fún wọn. Láti oṣù tó kọjá ni Táíwò àti Kẹ́hìndé ti ń ka ọjọ́ lórí kàlẹ́ńdà, ayọ̀ yẹn náà, mi ò fẹ́ gbà á lọ́wọ́ wọn. Mo ti ka ti ẹní yẹn fún bàbá wọn. Ó ní ẹní wà lókè àjà.

Ọmọ Ajílété
Ìyàwó Ìsokùn, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ yẹ ìwé ìrìnnà ọmọ mi wò nítorí tiyín. Oṣù Kẹwàá ló máa kú, oṣù Kẹjọ la sì fẹ́ rìn. Kí ni mo máa mú lọ?

Ìyàwó Ìsokùn
Ìwé ìbí ẹ̀ àti lẹ́tà ìfọwọ́sí òbí. Ẹ mú ìwé àtijọ́ dání, ẹ sì mú ọmọ náà fúnra ẹ̀ lọ, wọ́n máa ya fọ́tò ẹ̀.