Ẹ gbà mí o, ọmọ àgùntàn mi ń kú tán

Ìyá Ìbejì, Ògbómọ̀ṣọ́: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé ni àwọn àgùntàn mi ti ń bímọ. Márùn-ún ti bí, ọmọ méje, mẹ́rin ti kú. Wọ́n á dìde, wọ́n á rìn, tó bá di ọjọ́ kẹta, orí á rọ̀, ẹnu á tutù. Èyí tó kú lánàá, mo fi ìró dì í mọ́ àyà títí ilẹ̀ fi mọ́, síbẹ̀ ó dákẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Owó àjọ ni mo fi ra ẹran wọ̀nyí o! Aládùúgbò mi kan ní òórùn wọn ń yọ òun lẹ́nu, ọjọ́ tó sọ ọ́ gan-an ni àkọ́kọ́ kú. Ọkọ mi ní kí n tà wọ́n.

Àgbẹ̀ Ọ̀yọ́: Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ṣé wọ́n ń mu ọmú? Ṣé wọ́n ń ṣu gbuuru? Ẹ ò sọ ìkankan.

Ọmọ Ajílété: Òtútù ni. Mẹ́ta kú mọ́ èmi náà lọ́wọ́ lọ́dún tó kọjá, àfìgbà tí mo fi àpò sìmẹ́ǹtì dí ẹ̀gbẹ́ ilé wọn, tí mo tẹ́ koríko gbígbẹ.

Ìyá Onígààrí: Èèpo ẹ̀gẹ́ tútù ni. Májèlé wà nínú ẹ̀. Ẹ máa sá a gbẹ.

Ọmọ Ajílété: Ọmọ ọjọ́ mẹ́ta ń jẹ èèpo?

Ìyá Onígààrí: Ìyá ẹ̀ ń jẹ ẹ́! Mo ti ń sin ẹran kí wọ́n tó bí ẹ.

Ìyá Ìbejì: Èèpo gbígbẹ ni mo ń fún wọn. Wọn ò ṣu gbuuru. Àárọ̀ àti alẹ́ ni mò ń gbálẹ̀ wọn, ẹ má pè mí lọ́lẹ. Ní ti ọmú, wàrà tó máa ń pọ́n, tó ki bí ògì yẹn, mo máa ń fún un dànù fún ọjọ́ méjì kí ìdọ̀tí ẹ̀ tán, bí ìyá mi ti kọ́ mi. Omi ṣúgà ni mo ń fún ọmọ kó tó mọ́.

Àgbẹ̀ Ọ̀yọ́: Áà! Ìyá, oògùn wọn lẹ dà nù yẹn. Ọmọ ènìyàn ti ń gba ohun tó ń bá àìsàn jà láti inú ìyá ẹ̀. Ti àgùntàn ò rí bẹ́ẹ̀, inú wàrà pípọ́n yẹn ló ti ń rí i. Kó mu ún kó tó pé wákàtí 6 tí wọ́n bí i. Tó bá fi di wákàtí 24, ìfun ẹ̀ ò ní lè gbà á mọ́.

Ọmọ Ajílété: Ẹ̀yin lẹ pa wọ́n nígbà náà.

Ìyá Ìbejì: Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ sí mi. Ìyá mi sin ẹran títí ó fi darúgbó... Ṣùgbọ́n ẹ dúró o. Àwọn mẹ́ta tó yè, mi ò sí nílé lálẹ́ tí wọ́n bí wọn. Ìsìnkú ni mo lọ l'Ọ́yọ̀ọ́, ọjọ́ kẹta ni mo dé. Ẹnikẹ́ni ò fún ọmú ìyá wọn dànù.

Ọlọ́run ò! Abo àgùntàn kan tún fẹ́ bímọ, ó ń fẹsẹ̀ wa ilẹ̀ báyìí, ọmú ẹ̀ ti le. Mi ò ní fọwọ́ kàn án.

Àgbẹ̀ Ọ̀yọ́: Ẹ fọwọ́ kàn án o. Ẹ fún orí ọmú lẹ́ẹ̀kan péré kó lè là, kí ẹ fi sí ọmọ lẹ́nu. Ẹ fi áyódì, oògùn tó ń pa kòkòrò àìsàn, sí ìdodo ọmọ náà. Tó bá ti mu ún, ẹ kọ̀wé sí wa, bó ṣe òru.