Kóòtù mi ti wú o! Irú èwo ni kí n rà fún ibi iṣẹ́?

Ẹ káàárọ̀ o. Alágbàká níbí l'Ákùrẹ́ ni ọ́fíìsì mi, ọ̀kadà ni mo sì ń gùn láti Ọ̀bà-Ilé. Tí ọyẹ́ bá ti dé, òtútù àárọ̀ kì í ṣeré. Kóòtù dúdú tí mo rà lọ́dún tó kọjá ti wú láyà bí ọ̀pọ̀lọ́, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo sì fọ̀ ọ́. Owó ọwọ́ mi ò pọ̀.

Ìyá Ìbejì: Òkìríkà ni kẹ́ ẹ lọ wò l'Ọ́jà Ọba. Ẹ tètè jí o, àwọn ọmọ yunifásítì ò ní fi nǹkan sílẹ̀!

Bàbá Télọ̀: Gọ́ọ̀mù ló ṣe é. Wọ́n fi áyọ́ọ̀nù lẹ aṣọ líle mọ́ ọn nínú, omi wá tú u. Tó o bá fẹ́ ra òmíràn, fi ìka di iwájú rẹ̀ mú nítòsí bọ́tìnnì, kó o rọra fà á. Tó o bá mọ aṣọ kẹta tó ń yọ̀ láàárín aṣọ òde àti aṣọ inú, a jẹ́ pé wọ́n rán an ni, wọn ò lẹ̀ ẹ́. Èjìká ńkọ́? Mo lè gé ọwọ́ tó gùn, mo lè mú ẹ̀yìn wọlé, ṣùgbọ́n èjìká tó bá ti kọjá egungun rẹ, má gbé e wá bá mi. Ṣáná sí fọ́nrán kan: tó bá rùn bí irun tó jó, irun àgùntàn ni. Tó bá yọ́ di kóró líle, pọ́lísítà ni, wàá làágùn.

Ẹ ṣé, bàbá. Mo ti fa tèmi wò. Kò sí aṣọ kẹta kankan níbẹ̀.