Ta ló ń bá èèyàn tọ́jú ẹṣin ní Ifẹ̀?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ kọ́ abo ẹṣin mi ní dressage, ìyẹn ìgùn pẹ̀lẹ́, tí ẹṣin ń gbọ́ àṣẹ láti ara ẹsẹ̀ àti ìjánu (kì í ṣe eré Dúrbà o!). Pápá kékeré rẹ̀ jẹ́ mítà 20 ní ìbú àti 40 ní gígùn, ti ńlá jẹ́ 20 ní ìbú àti 60 ní gígùn. Mo ti rí ilẹ̀ tó tẹ́jú lọ́nà Modákẹ́kẹ́, àmọ́ igbó yí i ká, eṣinṣin tsetse tó ń kó àìsàn sẹ́jẹ̀ ẹṣin sì ń bà mí lẹ́rù. Ìbàdàn jìnnà jù fún ìgùn ojoojúmọ́. Ṣé ẹ mọ ẹni tó ń gba ẹṣin tọ́jú ní Ifẹ̀ tàbí Iléṣà, tí yóò máa fún un ní koríko dáadáa, kì í ṣe ọkà bàbà nìkan? Àbí kí n kọ́ ilé ẹṣin tèmi?