Ṣúgà 124 lọ́sẹ̀ kan, 129 lọ́sẹ̀ kejì: èwo ni kí a gbà gbọ́?

Ọmọ Ìyá Elélùbọ́, Bódìjà:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ìyá mi ṣe àyẹ̀wò ṣúgà láàárọ̀ kí wọ́n tó fẹnu kan nǹkan, ó jẹ́ 124, wọ́n ní kò sí ìtọ̀ ṣúgà. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, níbòmíràn, ó di 129, wọ́n ní ó ti wà, nítorí pé 126 ni ààlà. Ṣé àìsàn yìí lè wọlé sí wọn lára láàárín ọ̀sẹ̀ kan ni, àbí àṣìṣe wà níbì kan?

Onílàábù Mọ́kọ́lá:
Ẹ má tíì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ìyá yín mọ̀ pé bí a bá fi kóńgò kan náà wọn èlùbọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kì í dọ́gba wẹ́kú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan ṣe ń sún sókè sódò láti ọjọ́ kan sí èkejì. Ènìyàn ló fa ààlà 126 náà. Títí di ọdún 1997, 140 ni ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìtọ̀ ṣúgà ní Amẹ́ríkà ń lò; wọ́n fà á wálẹ̀ nítorí wọ́n rí i pé àìsàn náà ti ń ba ojú àwọn kan jẹ́ kí ṣúgà wọn tó dé 140. Bí ààlà bá wálẹ̀, aláìsàn tí yóò bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́ yóò dín kù, ṣùgbọ́n ẹni tí ara rẹ̀ le tí a ó pè ní aláìsàn yóò pọ̀ sí i.

Ká ní a yẹ 1,000 ènìyàn wò, tí 50 nínú wọn ní àìsàn, tí àyẹ̀wò wa ń rí 90 nínú 100 aláìsàn, tí ó sì ń dá 90 nínú 100 ẹni tí ara rẹ̀ le sílẹ̀. Yóò rí aláìsàn 45, yóò fo 5 dá. Nínú 950 yòókù, yóò pe 95 ní aláìsàn. Ènìyàn 140 ni yóò gba ìwé àìsàn, 45 péré ló sì ní in.

Ọmọ Ìyá Elélùbọ́, Bódìjà:
45 nínú 140! Kí ni àyẹ̀wò wá wà fún nígbà náà?

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Ó wúlò gan-an, ọmọ mi, bí a kò bá fi ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo dájọ́. Ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ ṣáá, tó ń tọ̀ lemọ́lemọ́, tó sì ń rù, kò sí lára 1,000 tí a kàn kó jọ yẹn. Fún un, èsì tó ga ní ìtumọ̀ mìíràn. Ẹni tí kò ní àmì kankan ni dókítà máa ń tún yẹ̀ wò kó tó sọ orúkọ àìsàn. Ẹ rántí pé ẹ̀jẹ̀ tí a fà láti inú iṣan ni ààlà 126 wà fún. Ẹ má sì rò pé 124 dára: ó ti kọjá ibi tó yẹ kó wà, ó yẹ kí wọ́n máa ṣọ́ oúnjẹ.

Ọmọ Ìyá Elélùbọ́, Bódìjà:
Ẹ ṣeun, mà. Wọn kò ní àmì kankan, orí ìka ni wọ́n sì gún fún 129 yẹn. Màá kó ìwé méjèèjì lọ bá dókítà lọ́jọ́ Ajé, kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ láti apá.