Ìtọ́jú ẹsẹ̀ àti Pilates fún àgbàlagbà: ṣé a lè ṣe méjèèjì pọ̀?

Tíṣà Àgbà, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi. Ẹni ọdún 68 ni mí, iṣẹ́ olùkọ́ ni mo sì ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Nínú gbogbo ẹ̀yà ara mi, ẹsẹ̀ ni mo lò jù, òun náà sì ni n kò tọ́jú rí. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, gìgísẹ̀ mi méjèèjì là débi pé bí mo bá yí ẹsẹ̀ padà lórí bẹ́ẹ̀dì lóru, ojú ibi tó là náà a máa fa òwú aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì yọ. Èyí tó wá ń dùn mí jù ni pé, bí mo bá jí láàárọ̀, ìṣísẹ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún àkọ́kọ́ a máa dà bí ìgbà tí mo ń tẹ òkúta ṣóńṣó, lẹ́yìn náà ni yóò tó rọlẹ̀.

Ọmọbìnrin mi tó wà ní Kánádà fi fídíò Pilates, ìyẹn eré ìdárayá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ tó ń mú ara lágbára, ránṣẹ́ sí mi, mo sì ti ń ṣe é lórí ẹní nínú pálọ̀ fún bí oṣù méjì. Ẹ̀yìn mi ti fúyẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí n dúró lórí ẹsẹ̀ kan, ṣe ni kókósẹ̀ mi ń gbọ̀n. Ìlú olókè ni ìlú wa, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ọ̀nà ọjà àti ti ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀rù ìṣubú sì ń bà mí gidigidi. Ṣé kí n kọ́kọ́ tọ́jú ẹsẹ̀ títí yóò fi san kí n tó máa bá eré ìdárayá náà lọ, àbí a lè ṣe méjèèjì pọ̀? Ṣé kí n sì wọ bàtà ṣe é, àbí kí n bọ́ ọ?

Onífísíò, Adó-Èkìtì

Màmá, ẹ kú ìrora, ẹ kú àmúmọ́ra. Iṣẹ́ físíótẹ́rápì ni mò ń ṣe, ìyẹn fífi eré ìdárayá àti ọwọ́ tọ́jú ara tó ń dunni, irú ohun tí ẹ sọ yìí sì pọ̀ lọ́dọ̀ wa bí ọyẹ́ bá ti wọlé. Ẹ má ṣe dá ọ̀kan dúró nítorí èkejì. Eegun 26 ló wà nínú ẹsẹ̀ kan ṣoṣo láti kókósẹ̀ lọ sílẹ̀, ìyẹn 52 nínú méjèèjì, bẹ́ẹ̀ 206 ni gbogbo eegun tó wà lára àgbàlagbà; nítorí náà, ó ju ìdá kan nínú mẹ́rin eegun wa lọ tó kó jọ sí ibi tí a fi ń tẹlẹ̀. Bí àwọn oríkèé kéékèèké wọ̀nyẹn bá ti gan, orúnkún àti ìbàdí ni yóò máa bá wọn ru ẹrù wọn.

Ìrora òwúrọ̀ yẹn jọ ti iṣan pẹrẹsẹ tó ta láti gìgísẹ̀ dé ìdí àwọn ọmọ ìka. Bí a bá sùn mọ́jú, a máa sún kì, ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ ló sì ń fà á lójijì. Kí ẹ tó bọ́ sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ jókòó, ẹ gbé ẹsẹ̀ kan lé orúnkún kejì, ẹ fi ọwọ́ fa àwọn ọmọ ìka sẹ́yìn sọ́dọ̀ ara yín, kí ẹ sì ka ení, èjì títí dé 30 pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ní ti bàtà, ẹ bọ́ ọ nígbà tí ẹ bá wà lórí ẹní, nítorí àtẹ́lẹsẹ̀ ló ń ròyìn ilẹ̀ fún ọpọlọ. Bí ẹ bá dìde dúró, ojú mẹ́ta ni kó kan ilẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan: gìgísẹ̀, ìdí àtàǹpàkò, àti ìdí ọmọ ìka tó kéré jù. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Bí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ń fò sókè, ẹ ti mọ ibi tí gbígbọ̀n náà ti ń wá. Ẹ má ṣe dúró lórí ẹsẹ̀ kan láàárín pálọ̀ o, ẹ̀gbẹ́ ògiri ni kí ẹ ti máa ṣe é. Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ìtọ́sọ́nà tí wọ́n gbé jáde ní 2020, ní kí ẹni tó bá ti pé ọdún 65 máa ṣe irú eré ìdárayá tó ń mú kí ara dúró ṣinṣin fún ọjọ́ mẹ́ta ó kéré tán lọ́sẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló lè yí ọ̀rọ̀ mi padà, àtọ̀gbẹ ni. Ṣé ẹ ti yẹ ṣúgà ara yín wò láìpẹ́ yìí?

Bàbá Àgbẹ̀, Ìjerò-Èkìtì

Ẹ jẹ́ kí n kín ẹni tó sọ̀rọ̀ ṣáájú mi lẹ́yìn lórí ọ̀rọ̀ tó fi parí yẹn, nítorí ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Ọdún 11 ni mo ti ń bá àtọ̀gbẹ yí. Lọ́jọ́ kan, mo wọ sálúbàtà lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo já ẹ̀fọ́, mo padà wọlé, mo sì jókòó jẹun. Ọmọ ọmọ mi ló bèèrè pé, “Bàbá, ta ló da epo sílẹ̀?” Ẹ̀jẹ̀ ni. Ìṣó ti gba inú sálúbàtà wọ àtẹ́lẹsẹ̀ mi, n kò sì mọ̀ ọ́n lára rárá. Ẹnìkan tó ń ta oògùn nítòsí fún mi ní ohun tí mo fi lẹ̀ ẹ́, ó ní yóò gbẹ, kò sì gbẹ. Nígbà tí mo fi dé ilé ìwòsàn, ọmọ ìka kan ti bá a lọ. Ọlọ́run ló yọ ẹsẹ̀ náà.

Láti ìgbà náà, kò sí alẹ́ tí n kì í fi dígí kékeré wo àtẹ́lẹsẹ̀ mi àti àárín ọmọ ìka mi. Mo máa ń gbọn bàtà kí n tó wọ̀ ọ́. Ìgúnpá ni mo fi ń tọ́ omi wò, nítorí ẹsẹ̀ tó ti kú tìpẹ̀ kò mọ omi gbígbóná yàtọ̀. N kò sì tún gbé èékánná mi fún àwọn tó ń fi abẹ kan ṣoṣo gé ti gbogbo àdúgbò mọ́. Ọmọ mi ló ń gé e fún mi gbọọrọ, láìgé e wọ igun. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi abẹ bó gìgísẹ̀ tó le. Èmi pẹ̀lú ń ṣe eré ìdárayá náà, ṣùgbọ́n orí àga ni mo ti ń ṣe tèmi, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ àti bàtà rírọ̀ lẹ́sẹ̀.

Ìyá Ẹlẹ́ní, Adó-Èkìtì

Bàbá, ẹ kú oríire, ẹ kú ewu. Mo máa ń kọ́ àwọn ìyá ní Pilates, ẹsẹ̀ kì í sì í ṣe àlejò nínú rẹ̀ rárá. Ará Jámánì ni Joseph Pilates tó dá a sílẹ̀, ọdún 1883 ni wọ́n bí i. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn Gẹ̀ẹ́sì tì í mọ́ àgọ́ ní erékùṣù Isle of Man, ó sì ń kọ́ àwọn tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ ní eré ìdárayá, kó tó wá lọ fi New York ṣe ibùjókòó. Ó ṣe ohun èlò kan tó jẹ́ ti ẹsẹ̀ nìkan, bẹ́ẹ̀ sì ni iṣẹ́ ẹsẹ̀ ni a fi ń bẹ̀rẹ̀ lórí ẹ̀rọ rẹ̀ tó gbajúmọ̀ jù.

Màmá, alẹ́ ni kí ẹ máa tọ́jú ẹsẹ̀, kí ẹ sì máa fi òwúrọ̀ ṣe Pilates. Mo tẹnu mọ́ ọn nítorí mo ti rí ìyá kan tó fi òrí ra ẹsẹ̀ tán tó gun ẹní, tí ẹsẹ̀ sì yọ̀ mọ́ ọn lábẹ́. Ẹ ki ẹsẹ̀ bọ omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ fi òkúta ha ibi tó le díẹ̀díẹ̀ láìfi ọwọ́ kan ojú ibi tó là, ẹ nu àárín ọmọ ìka gbẹ dáadáa, ẹ fi òrí pa gìgísẹ̀ (kó má dé àárín ọmọ ìka), kí ẹ wá wọ ìbọ̀sẹ̀ sùn.

Láàárọ̀, ẹ dùbúlẹ̀ lórí ẹ̀yìn, ẹ ká orúnkún, ẹ fi ààrò mẹ́ta yẹn tẹ ẹní. Ẹ fi imú fa èémí sínú títí ìhà yóò fi fẹ̀, ẹ wá fi ẹnu tú u jáde bí ẹni tó ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná, kí ẹ máa fa abẹ́ ìdodo wọlé bí ẹ ti ń gbé ìbàdí sókè. Ọ̀pọ̀ máa ń ká ọmọ ìka ẹsẹ̀ níbẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ fi di ilẹ̀ mú, pajápajá á sì mú wọn. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ìka tẹ́ gbọọrọ. Ibi tí fídíò bá ti ní kí ẹ ká ẹ̀yìn bí ìgbín láti orí ìdùbúlẹ̀ dìde, ẹ fò ó. Eegun ọ̀pọ̀ nínú àwa obìnrin máa ń fúyẹ́ lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá ti dáwọ́ dúró, irú kíká bẹ́ẹ̀ sì lè fọ́ eegun ẹ̀yìn tó ti fúyẹ́.

Tíṣà Àgbà, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti lọ yẹ ṣúgà wò, wọ́n ní kò sí nǹkan kan, ṣùgbọ́n dígí ti Bàbá ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Òní ló pé ọjọ́ 19 tí mo ti ń fi òrí pa ẹsẹ̀ sùn, aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì kò sì fa òwú mọ́. Ìrora òwúrọ̀ kò tíì lọ tán, ìṣísẹ̀ méjì ló kù sí. Ní ti ìdúró, bí omi tíì bá ń hó, mo máa ń gbé ẹsẹ̀ kan sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé ìdáná. Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún ni mo fi dúró, ìka kan péré ni mo fi ń kan ògiri báyìí; ti òsì ṣì ń fẹ́ gbogbo àtẹ́lẹwọ́.