Omi tó ń gòkè àti omi tó ń sọ̀kalẹ̀: ṣé òótọ́ ni tẹmọ́mítà mi ń sọ?

Olùbéèrè, Ìjẹ̀bú-Òde
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Nítorí àwọn àlejò tó máa ń kún ilé wa nígbà Ojúde Ọba, a gbé ẹ̀rọ tó ń fi oòrùn mú omi gbóná sórí òrùlé. Póńpù kékeré kan ló ń ti omi láti inú tánkì lọ sókè, tí yóò sì tún padà wálẹ̀. Mo so tẹmọ́mítà kan mọ́ páìpù bàbà tó ń gòkè, mo so òmíràn mọ́ èyí tó ń sọ̀kalẹ̀. Ní ọ̀sán gangan, ti àkọ́kọ́ jẹ́ 48°C, èkejì jẹ́ 49°C. Ṣé dígírì kan ṣoṣo ni gbogbo oòrùn yìí ń fi kún omi wa?

Ìdáhùn láti Ṣágámù
Ẹ̀gbọ́n, kí ẹ tó dá ẹ̀rọ lẹ́bi, ẹ tú tẹmọ́mítà méjèèjì, kí ẹ sì kì wọ́n bọ inú ife omi gbígbóná kan náà. Bí èkejì bá fi dígírì méjì kéré sí àkọ́kọ́ nínú ife yẹn, a jẹ́ pé dígírì mẹ́ta ni oòrùn ń fi kún un. Nígbà tí ẹ bá ń so wọ́n padà, ẹ fún wọn mọ́ ara páìpù dáadáa, kí ẹ sì fi fóòmù wé ibẹ̀, nítorí bí atẹ́gùn bá ń fẹ́ sí wọn, ohun tí wọn yóò máa kà yóò kéré sí ìgbóná omi gan-an.

Ìdáhùn láti Ìkẹ́nnẹ́
Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹ má sì lo irú èyí tí wọ́n ń nà sí iwájú orí wa lásìkò Kòrónà, nítorí bàbà tó ń dán máa ń tàn án jẹ, àyàfi tí ẹ bá kọ́kọ́ lẹ téèpù dúdú tí àwọn rewáyà ń lò mọ́ ọn. Ohun tó ká mi lára jù ni pé ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìyàtọ̀ kékeré túmọ̀ sí pé ẹ̀rọ kò ṣiṣẹ́. Bí póńpù bá ń ti lítà 6 kọjá ní ìṣẹ́jú kan, dígírì 3 péré ti ju agbára kílówáàtì kan lọ. Bí omi bá ṣe ń yára tó ni ìyàtọ̀ náà yóò ṣe kéré tó.

Olùbéèrè
Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti kì wọ́n bọ ife láàárọ̀ yìí: èkejì fi dígírì kan àti ààbọ̀ kéré sí àkọ́kọ́. Fóòmù ni mo ń lọ rà báyìí.